Kòtò Àyà Mi àti Ọwọ́ Ìyá Mi

Àwọn ọmọ tí a jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ oníbọ́dìn ló kọ́kọ́ wọn kòtò tó wà láyà mi. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n má mí, wọ́n wá ń fi ṣíbí bu kúnú sínú rẹ̀. Ṣíbí mẹ́ta ló gbà. Ìkẹrin ló ṣàn lọ sí ìdodo mi, ni gbogbo yàrá bá hó yèè. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, mi ò lè sáré jìnnà kí èémí mi má já, ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí ẹlòmíì ò ní ni àyà tó ń gba kúnú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, àárín àyà ni, níbi tí eegun kan ti wá láti abẹ́ ọrùn títí dé òkè ikùn, tó so ìhà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ìhà òsì. Tèmi kò dúró níbi tí tàwọn èèyàn dúró sí. Ó wọlé lọ. Nítorí pé ó wọlé, ikùn mi dà bíi pé ó yọ síta, bẹ́ẹ̀ mi ò sanra. Bí mo bá ń wọ yàrá kan, ikùn mi ló ń kọ́kọ́ kí wọn, èmi á wá tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kó tì mí lójú o. Èyí tó yẹ kó tì mí lójú ni pé tíṣà báyólójì ni mí. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Zaria níbí. Eegun èèyàn kan wà ní láàbù wa, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi wáyà so ó rọ̀ sára irin, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì sì ti sọnù. Lọ́dọọdún ni mò ń fi igi tọ́ka sí i: eegun ìhà rèé, méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn lédè òyìnbó, mo sì máa ń pè é pẹ̀lú ìgbéraga. Ọkùnrin kan náà tó mọ gbogbo ìyẹn ló gbà gbọ́, títí di ọdún tó kọjá, pé ìyá rẹ̀ ló fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà rẹ̀ wọlé níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré.

Ìyá mi fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá, Sabon Gari ní Zaria níbí ni wọ́n bí mi sí, aṣọ òfì ni ìyá mi ń tà, èmi sì ni àkọ́bí wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi láìwọ ẹ̀wù, tó sì béèrè ohun tó ṣe àyà ọmọ yìí, ìyá mi á dá a lóhùn wéré, láìgbójú sókè kúrò nídìí aṣọ tí wọ́n ń ká: "Ọwọ́ mi ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jù níbi ìwẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nílé wa. Kì í ṣe ká da omi sí i lára ká sì nù ún. Ẹni tó ń wẹ ọmọ á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó o. Á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto. Á na apá, á na ẹsẹ̀, á ká a, á tún un ká, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, á wá fi òrí pa á lára látòkè délẹ̀. Ní ti àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé àgbàlá, ìyá ọmọ ni wọ́n ń fi ewé àti omi gbígbóná nà. Ní tiwa, ọmọ ló ń jẹ̀yà. Ṣé irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè tẹ àyà wọlé ni? Mo rò ó, mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu.

Mo tiẹ̀ ṣe ìwádìí. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ní kí ìyá mi gbé ọwọ́ lé ibi tó jìn yẹn kí n wò ó. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e lé e. Ọwọ́ wọn wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo ní ẹ̀rí ti dé, kò tún sí àríyànjiyàn. Wọ́n yára fa ọwọ́ wọn kúrò, wọ́n ní kí n lọ wọ ẹ̀wù. Mo rò pé ohun tí wọ́n ṣe ló ń tì wọ́n lójú.

Láti ìgbà náà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di àwàdà. Mo fi pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín, mo fi fa ojú ìyàwó mi mọ́ra nígbà tí mo ń wá a, mo ń sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì àwọn tíṣà: ẹ wo àyà mi, ìyá mi ló fọwọ́ sí i bí ìgbà téèyàn fọwọ́ síwèé. Ìyá mi náà á rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá wà níbẹ̀. Mi ò wo ojú wọn dáadáa rí nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Bí mo ṣe ń fi àyà náà ṣe àwàdà tó yìí, mo ń bò ó mọ́lẹ̀. Télọ̀ mi ní Kwangila ló kọ́ mi ní ọgbọ́n kan. Ó ní kí n ká áńkáṣíìfù mẹ́ta pọ̀, kí n fi há abẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kàftàànì á sì jókòó dáadáa. Ó jókòó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi, àwọn áńkáṣíìfù náà yọ̀ sílẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ lọ wo fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ìyàwó mi rẹwà bí oṣù. Èmi dúró tì í bí ẹni tí ìpákè ń yọ lẹ́nu.

Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, ọmọbìnrin, mo ti pinnu pé àṣìṣe ìdílé wa dópin lórí mi. Ilé wa ní Dogarawa ni ìyá mi bá wa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé, báàfù ńlá wà lórí itan wọn, kànìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú àti òrí nínú ọ̀rá wà nínú báàfù. Wọ́n kí ìyàwó mi, wọ́n gbé ọmọ wò, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ká ọwọ́ bùbá wọn sókè. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi kaná. Ìgbà náà ni mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo na apá méjèèjì dí ọ̀nà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ ọmọ yìí."

Wọ́n ní, "Kí ló dé?"

Dípò kí n dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn níwèé. Mo ní eegun ọmọ tuntun ṣì rọ̀. Mo ní ayé ti lajú. Mo wá fi ìka gún àyà ara mi, mo ní, "Ẹ wo èyí tí ẹ ṣe. Ọ̀kan tó o."

Mo rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Ìyá mi fi Haúsá ní, "To," pé ó dáa. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ, wọ́n tú ọ̀rá òrí, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi pa orúnkún ara wọn. Wọ́n ní orúnkún àwọn ń gbẹ. Lẹ́yìn tí a kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Sabon Gari, wọ́n fi báàfù sílẹ̀ fún wa.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn sọ pé, "Ẹ máa kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí." Mo ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í kábàámọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, ẹnu mi ló ti jáde.

A ń wẹ ọmọ wa bí ìgbà téèyàn ń fọ ẹyin. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fi rúlà lélẹ̀ lórí àyà rẹ̀ láti wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún tí àyà náà ṣì tẹ́jú, mo gbé rúlà sápá kan, mo kéde fún ìyàwó mi pé mo ti borí. Mo bí ọkùnrin kan lé e, òun náà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò tún bá wa mẹ́nu ba ìwẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbà kí wọ́n gbé ọmọ sí àwọn lẹ́sẹ̀ tòun ti aṣọ lọ́rùn, ìka ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ni wọ́n sì máa ń fọwọ́ kàn. Mo rí i. Mo rò pé wọ́n ti gbẹ̀kọ́ ni.

Ọmọbìnrin náà pé ọdún mẹ́tàlá lọ́dún tó kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga lójijì. Bó ṣe ń ga ló ń tẹ̀. Á ká èjìká méjèèjì síwájú bí ẹni tí òtútù mú, hìjáábù tó fẹ̀ jù lọ lọ́jà ló máa ń yàn, kò sì fẹ́ báwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́ nílé ìwé. Mo ní ìtìjú ọmọbìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ló pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àyà rẹ̀ ti jìn. Ó rí bíi tiyín."

Mo pe ọmọ náà, mo bi í. Haúsá ló yá lẹ́nu àwọn ọmọ wa ju Yorùbá lọ, èdè náà ló sì fi dá mi lóhùn, ó dorí kodò: "Irin naka ne, Baba." Irú tiyín ni, Bàbá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí tíṣà báyólójì ṣe. Ó gbé fóònù. Ó pe ìyá rẹ̀ arúgbó. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ wẹ ọmọ yìí rí nígbà tí mi ò sí nílé?"

Ìyá mi ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n wá ní, "Mi ò wẹ̀ ẹ́ rí. Ìwọ lo dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Ọmọ mi jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ àwàdà tí mo máa ń ṣe nípa ìwẹ̀, orí rẹ̀ ló dàgbà sí. Kaka, ìyá àgbà lédè Haúsá, ni àwọn ọmọ mi ń pe ìyá mi. Ó wojú mi, ó ní, "Bí Kaka ò bá wẹ̀ mí rí, ta ló wá tẹ èmi?"

Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó tíì fi ìbéèrè kan ṣoṣo wó gbogbo ohun tí mo mọ̀ lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní ṣé òun máa kú ni, ṣé kòtò náà á máa jìn títí á fi kan ọkàn òun. Ẹ̀rù bà mí. Èmi náà ò mọ̀, mi ò sì lè fi àwàdà bo èyí.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tí a bá níbẹ̀ wò mí, ó wò mí, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní eegun." Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni. Orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ló ń bọ̀.

Òun àti ìyá ọmọ lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó yẹ ọmọ náà wò, ó ní kó tẹ̀ síwájú kí òun lè wo ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó wọn gígùn apá àti ìka rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, dókítà yíjú sí mi. Ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà."

Mo bọ́ kàftàànì. Mo gbàgbé pé áńkáṣíìfù wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí tí mo ṣì ń há áńkáṣíìfù sáyà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jábọ́ sórí tábìlì dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin mi tó ti sunkún ní gbogbo ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Baba! Har yanzu?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì ń ṣe é títí dòní. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Òun nìyẹn tí mo ti ń pariwo lé lórí fún oṣù mẹ́ta pé kó nara, kó yé fara pa mọ́, pé kò sóhun tó ń tini lójú lára àyà.

Mo sọ ìtàn ìwẹ̀ fún dókítà. Mo retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Sà, ìwẹ̀ kọ́. Gbígbé ọmọ pọ̀n kọ́. Kì í ṣe pé ó dojú bolẹ̀ sùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé eegun ìhà kò kan eegun àárín àyà tààrà. Eegun rírọ̀ kan ló wà láàárín wọn, irú èyí tó wà létí wa. Lára àwọn kan, eegun rírọ̀ yẹn á máa dàgbà ju bó ṣe yẹ. Bó bá ti gùn jù, á ti eegun àárín wọlé, bíi tiyín yìí. Lára ẹlòmíì á tì í síta bí àyà ẹyẹlé. Àìsàn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ibi tó kọjú sí ló yàtọ̀."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó tẹ́jú ní kékeré. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n."

Ó ní, "Rúlà?" Ìyàwó mi wo òrùlé. Dókítà ní ó lè má hàn nígbà tí wọ́n bí ọmọ, kó wá jìn nígbà tí ọmọ bá ń ga. Ó ní ìdí tí eegun náà fi ń dàgbà bẹ́ẹ̀ kò tíì yé àwọn délẹ̀, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún mi pé ó yé òun. Ó ní àwọn ohun kan wà tí òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ọmọ tí kò rí oòrùn tó, tí kò sì rí oúnjẹ tí eegun ń fẹ́, eegun rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, àyà rẹ̀ náà lè yí padà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tó so ẹ̀yà ara wọn pọ̀ ni kò le tó: wọ́n á ga, ìka wọn á gùn, ẹ̀yìn wọn á wọ́, ó sì lè kan ọkàn. Ìdí nìyẹn tó fi wọn ìka ọmọ mi. Àmọ́ èyí tí òun rí jù, ó ní, inú ẹbí ló ti ń wá.

"Ta ló tún ní in nílé yín, sà?"

Mo ní bàbá mi ò ní in. Etí kànga ni wọ́n ti máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó kú, gbogbo àgbàlá ló mọ àyà wọn, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwọn àbúrò mi ò ní in.

"Màmá yín ńkọ́?"

Ọdún méjì gbáko ni mo fi mu ọmú láyà yẹn, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló ń wo àyà ìyá rẹ̀? Dókítà ní, "Ẹ bi wọ́n."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi retí èsì, ìjókòó ò rọgbọ fún mi, mo lọ kọ́ kíláàsì kan nípa ẹ̀jẹ̀ tí mo fi orúkọ iṣan kan pe òmíràn, àwọn ọmọ ló tún mi ṣe. Èsì dé: ọkàn rẹ̀ dára, èémí rẹ̀ ń lọ geere, eegun rẹ̀ ò rọ̀. Dókítà kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa na èjìká àti bí yóò ṣe máa mí sínú. Ó ní kó máa sáré bó ṣe wù ú. Ó ní a ó máa rí òun lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, pé bó bá jìn jù, tó ń dí i lọ́wọ́ mímí, iṣẹ́ abẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì débẹ̀. Ọmọ mi bi í bóyá kòtò náà á kan ọkàn òun. Ó ní, "Kò ní kàn án. Wo bàbá rẹ. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ náà lọ sí Sabon Gari. Ìyá mi jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, wọ́n ń to aṣọ òfì àtijọ́ méjì tí wọn ò tà. Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ ohun tí dókítà sọ, mo wá ń wá bí mo ṣe máa bi wọ́n ní ohun tí mo bá wá. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní kí n bi yín..."

Wọ́n ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé orí bùbá wọn, nísàlẹ̀ ọrùn. Ọwọ́ mi jìn sínú, aṣọ náà bá a lọ.

Wọ́n ní, "Bàbá mi náà ní in. Látinú ilé wa ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ yín ni! Látìgbà tí mo ti dáyé!"

Wọ́n ní, "O ò tíì lè jókòó nígbà tí ìyá bàbá rẹ tú aṣọ lára rẹ, tí wọ́n ní irú èyí ò sí nílé àwọn, níbo ni mo ti gbé e wá. Kí n wá ní láti ilé wa ni? Wọ́n á ní gbogbo ọmọ tí mo bá bí á rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí bàbá rẹ fẹ́ ẹlòmíì. Mo ní ọwọ́ mi ni. Ẹni tó ṣèèṣì, wọ́n á bá a wí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló wẹ àwọn àbúrò rẹ, wọn ò jẹ́ kí n wẹ ọ̀kan."

"Bàbá mi ò mọ̀?"

"Ọkọ mi kẹ̀? Ó mọ̀. Òun ló ní kí n má wulẹ̀ bá wọn jiyàn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Wọ́n gba ìwẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ obìnrin yìí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gbà. Ó dúró títí ó fi ní ọmọ-ọmọ, ó ra kànìnkàn tuntun, ó gbé báàfù wọ kẹ̀kẹ́, èmi tí ó tìtorí mi purọ́ ni mo na apá dí i lọ́nà. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Bàbá mi ti kú, ìyá wọn ti kú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá mi ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e lé orí ìkejì. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé. Ìwọ lò ń kọ́ wọn ní eegun. Mo rò pé o mọ̀. Mo rò pé o mọ ibi tó ti wá, pé o kàn fi ti ìwẹ̀ bojú ni, o ò fẹ́ kí n fara kan ọmọ rẹ."

Ọdún mẹ́tàlá. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì wá nǹkan fi bò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Ikùn mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní mi ò mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò mọ̀, pé òmùgọ̀ ni mí, kì í ṣe ìkórìíra. Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Haba, Tíṣà. Dìde. Mo ti rí i báyìí pé o ò mọ̀." Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wọn, mo gbójú sókè, mo wo ojú wọn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Wọ́n wá yíjú sí ọmọ mi tó súnkì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, èjìká rẹ̀ ká síwájú. Wọ́n fi Haúsá pè é, "Zo nan." Ó lọ bá wọn. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró síta. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi, ó lọ sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ọmọ mi ní, "Kaka! Ke ma?" Ẹ̀yin náà? Ó pariwo rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kan ilẹ̀kùn.

Ìyá mi ní, "Má wọlé. Òrí mi wà lórí fèrèsé pálọ̀, gbé e wá, kí n fi pa ẹ̀yìn ọmọ yìí."

Mo lọ gbé e. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ọwọ́ ìyá mi yọ jáde, ó gba òrí lọ́wọ́ mi, ilẹ̀kùn sì tún tì.